Ẹ̀kọ́ ọmọ títọ́: ṣé kí ìjọba fi ṣe dandan fún òbí? Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ wá dá sí i

Tíṣà Pópó-Ọba

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, kò sì tíì tán nínú mi. Olùkọ́ kan ló dábàá pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin: ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ, kó gba sátífíkéètì, kí rẹ́jísírì má so ẹni tí ò bá ní in pọ̀. Ilé dàrú. Bàbá kan ní Ọlọ́run tó fún òun lọ́mọ ti fi ọgbọ́n títọ́ rẹ̀ sí òun lórí. Ìyá kan ní wọ́n ti kọ́ àwọn ní gbogbo rẹ̀ ní kíláàsì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ́ yín nípa ọmọ? Ó ronú díẹ̀, ó ní wọ́n ní kí àwọn máa kó wọn jọ fún àdúrà òwúrọ̀.

Àdúrà òwúrọ̀ dára, èmi náà ń ṣe é nílé mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún méjìlá, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ó ti sùn lọ sórí tábìlì. Èéfín ẹja ń rùn lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, epo ẹja sì ti mú èékánná rẹ̀ pọ́n. Ìdájí ló ń jí yí ẹja lórí wáyà kí ìyá rẹ̀ tó kó o lọ sí ọjà Olúwo. Bó bá di alẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á tún jọ lọ ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣe òṣìkà rárá. Mo sọ fún un pé ọmọ irú ọjọ́ orí yẹn nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án lálẹ́, ó kéré tán. Ó wò mí títí, ó ní: "Tíṣà, ẹnì kankan ò sọ ìyẹn fún mi rí."

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí wọ́n fi ṣe dandan. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Marina

Dandan kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ṣé ẹ ò mọ ìlú tí ẹ wà ni? Ọjọ́ tí ìjọba bá fi sátífíkéètì ṣe dandan, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ẹ máa rí ẹni tó máa ní "ẹ mú owó wá, ẹ má wulẹ̀ jókòó, màá bá yín sáré ẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń ṣe láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà ni.

Ọkọ Ìyàwó Lọ́la

Háà. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi ti tíṣà lẹ́yìn, pé ṣebí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ kó tó gbé ọkọ̀. Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Lọ́yà Ìtòìkín

Ẹ jẹ́ ká fi òfin tó wà nílẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ óò fi ìwé ìkéde sílẹ̀, ọjọ́ 21 á kọjá kí wọ́n tó fún yín ní ìwé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé. Èèyàn lè ti kíláàsì bọ àárín ọjọ́ 21 yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ní Ẹ̀pẹ́ ló ń dé rẹ́jísírì? Ẹlòmíràn, yìgì ni. Ẹlòmíràn, ìdána nìkan ni. Àwọn kan ò tiẹ̀ ṣe kankan, oyún ló kó wọn wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ lọ dúró sí yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gba ibẹ̀ kọjá.

Èkejì, òfin dandan fún òbí ti wà tipẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UBE, ní dandan ni kí òbí fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa parí JSS 3. Òbí tó bá kọ̀, nígbà àkọ́kọ́ ilé-ẹjọ́ á bá a wí. Nígbà kejì, ₦2,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Ẹ wá lọ sí gáràjì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kí ẹ wo àwọn ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá. Ta ni wọ́n ti gba ₦2,000 lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé náà wà, ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003, ti Èkó ní 2007, ó sì sọ ojúṣe òbí. Òfin ò wọ́n wa. Ẹni tó máa lo òfin ló wọ́n.

Ìyá Ìbejì Olúwo

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ń bá wa tọ́mọ. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ bú òbí ní ìlú yìí, àwa ẹlẹ́ja ni ojú wọn ń kọ́kọ́ bá. Ẹja àrọ̀ tí mo bá rà nírọ̀lẹ́, bí mi ò bá gbé e kaná kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Fìríìsà wo ni mo ní? Iná wo ló wà? Bàbá wọn wà ní Ìbàdàn, oṣù tó bá wù ú ló ń fowó ránṣẹ́. Ta ló máa bá mi yí i? Èmi náà yí ẹja fún ìyá mi. Èéfín yẹn náà ni mo fi rán ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Noforija tó fi kàwé di olùkọ́ bíi tiyín. Ọmọ tó mọ iye tí wọ́n ń ta ìdì igi, tó mọ ẹja tó jinná dénú yàtọ̀ sí èyí tó kàn gbẹ lára, tó mọ oníbàárà tó ń jẹ gbèsè tí kì í san, ṣé ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?

Ẹ wá ní kí n lọ jókòó ní kíláàsì. Ọjọ́ tí mo bá jókòó, ta ló ń fún mi lówó ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn? Olówó á kọ́ tirẹ̀ lórí fóònù nínú yàrá tútù ní Lẹ́kí. Èmi tí mo wà nídìí ààrò ni wọ́n máa wá mú pé mo rú òfin.

Ní ti àìsùn, ibẹ̀ nìkan ni ọkàn mi ti ń balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Ẹ má bá mi débẹ̀.

Tíṣà Pópó-Ọba

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ò burú. Oorun ni mò ń wí. Bó bá sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó jí ní márùn-ún, ẹja jinná, ojú ọmọ náà sì dá. Àìsùn ló ń ba ìṣirò yẹn jẹ́. Ẹ̀yin ẹ máa lọ, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó sùn.

Alfa Pápá

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ̀kọ́ ọmọ títọ́ kì í ṣe ohun tí òyìnbó gbé dé. Odindi súrà kan wà nínú Kùránì, ìkọkànlélọ́gbọ̀n, tó ń jẹ́ Lùkùmáánì. Bàbá ló jókòó ti ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní má wá orogún fún Ọlọ́run, kírun, má ṣe gbé ojú kúrò lára èèyàn nítorí ìgbéraga, rin ìrìn jẹ́jẹ́, rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀: "ìwọ ọmọ mi." Kò jágbe mọ́ ọn. Ànábì wa náà sọ pé olùṣọ́ ni gbogbo yín, wọ́n á sì bi kálukú léèrè nípa ohun tó ń ṣọ́.

Ẹni tó bá sì ní ìjọba ò lè fi irú nǹkan báyìí ṣe dandan, kó wo Màlésíà. Mùsùlùmí níbẹ̀ kì í dédé lọ so yìgì. Kọ̀ọ́sì wà tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ni wọ́n á mú wá. Ẹ̀sìn àti ìjọba ló jọ dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá àwa alfa wí díẹ̀, torí ilé ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Wáásí tí à ń ṣe níbi yìgì, orí kí ìyàwó tẹríba la ń fi wákàtí kan lé, a ó fi àwàdà ìyàwó kejì kún un, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á náwó, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọmọ. Ní ilé kéú ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́fà ṣi álífà kan kà, kóbókò ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń fi kóbókò kọ́ Kùránì nílò kíláàsì yìí ju òbí lọ.

Ọmọ Marina

Alfa, ẹ máa wá bá alfa àdúgbò wa sọ ìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ní ẹ̀yin nìkan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Nọ́ọ̀sì ni mí lágbègbè yìí, mi ò ní sọ sẹ́ńtà tí mo wà. Ọ̀rọ̀ gìrì nìkan tó kíláàsì ọjọ́ kan.

Ẹ fetí sílẹ̀. Ibà á gbé ooru ara ọmọ ròkè, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú á yí, eyín á pa pọ̀. Ohun tó yẹ kí òbí ṣe kò ju báyìí lọ: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ wo aago. Bó bá ti ń kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e dìde ẹ máa bọ̀. Bó bá tiẹ̀ dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ẹ ṣì gbé e wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tí mò ń rí wá ńkọ́? Ṣíbí láàárín eyín. Ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ti nà síná tó ti bó. Àgbo tí wọ́n rọ sí ọmọ tí ò lè gbé nǹkan mì lẹ́nu, tó sì gba ọ̀nà èémí lọ. Lóru ọjọ́ kan wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan dé, òróró àdúrà ń kán nímú àti létí rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wòlíì ti ń lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde lára rẹ̀. Ìyá ìyá ọmọ náà ló já a gbà lọ́wọ́ wọn tó gbé e lé ọ̀kadà. Ibà ni. Ọmọ náà yè o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ìyá àgbà yẹn ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ó kàn ti rí irú rẹ̀ rí ni.

Onígbàgbọ́ ni mí, mo ń gbàdúrà kí n tó wọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV dé ní oṣù kẹwàá 2023, tí Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí a ń gún fún ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, orí pẹpẹ ni wọ́n ti ń kéde fáwọn kan pé ó máa dí ilé ọmọ wọn. Àwọn ìyá wá fa ọmọ yọ lórí ìlà níṣojú mi.

Tíṣà, mo fara mọ́ kíláàsì. Àmọ́ tí ẹ bá fi sí ọsibítù nìkan, ọ̀pọ̀ aboyún ilé àgbẹ̀bí ìjọ àti ti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ti bọ́ síta nìyẹn. Ẹ ò sì ní rí ọkùnrin kan ṣoṣo. Wọ́n á gbé ìyàwó dé géètì, wọ́n á ní "tẹ́ ẹ bá ṣe tán, pè mí."

Díákónì Ọ̀dọ́mọlá

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí wòlíì yẹn ṣe ò dáa. Ẹ má wá fi ti ẹnì kan da gbogbo ìjọ nù. Ta ló kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò jẹ́nótáípù ṣe dandan ní ìlú yìí, ṣé ìjọba ni? Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí AS bá fẹ́ fẹ́ AS, a ó pe àwọn méjèèjì jókòó, a ó sọ fún wọn pé oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ìjọ mìíràn ò tiẹ̀ ní so wọ́n pọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn ò bí sínú ìrora nítorí dandan yẹn. Nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀sìn ò mọ̀ nípa ọmọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kíláàsì ìjọba yìí, ṣé wọ́n máa ní kí n má na ọmọ mi? Ìwé Òwe 13:24 sọ̀rọ̀ ẹni tó fa ọ̀pá sẹ́yìn, pé ó kórìíra ọmọ rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wá kọ́ wa nìyẹn, èmi ò ní débẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Bàbá Díákónì, Éfésù 6:4 ńkọ́? "Ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ yín bínú." Ẹ wá bá mi wo etí ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbá, tí awọ etí rẹ̀ ya. Wọ́n ní ọmọ ò gbọ́ràn. Báwo ló ṣe máa gbọ́?

Ẹ̀pẹ́ ní Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi tó. Swídìn ló kọ́kọ́ fòfin de nína ọmọ pátápátá, ní 1979. Lọ́dọ̀ wa ní UK níbí, Scotland ṣe tirẹ̀ ní 2020, Wales ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òbí fúnra rẹ̀, wọn ò fi ṣe dandan fún gbogbo ayé. Òfin kan wà ní England láti 1998: bí ọmọ bá jalè, tàbí tó ń sá nílé-ẹ̀kọ́, adájọ́ lè pàṣẹ pé kí òbí rẹ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí nǹkan ò tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń wá bá a nílé lẹ́yìn ìbímọ, lọ́fẹ̀ẹ́, á wọn ọmọ, á bi ìyá bó ṣe ń sùn, bóyá inú rẹ̀ dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bi mí bóyá inú mi dùn, ẹkún ni mo bú sí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ sì má rò pé dandan yanjú gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn wa níbí ń bẹ̀rù sóṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ju ọlọ́pàá lọ. Àwọn kan ń fi ọmọ ránṣẹ́ wálé sí ilé-ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé, kí ẹlòmíràn lè bá wọn nà án.

Ọkọ Ìyàwó Lọ́la

Ọ̀kan wà ní kíláàsì wa nígbà yẹn. Wọ́n ní kó wá kọ́ Yorùbá. Ẹgba ló kọ́.

Ọmọ Awo

Ẹ ti sọ Bíbélì, ẹ ti sọ Kùránì, bí ẹni pé àwa ò bímọ. Nílé tiwa, bí ọmọ bá délé ayé, a ó ṣe ìkọsẹ̀dáyé fún un. A ó bi Ifá pé ta ni ọmọ yìí, kí ló gbé wá, kí ni èèwọ̀ rẹ̀. Òbí á ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọmọ kì í ṣe amọ̀ tí òun máa mọ bó ṣe wu òun, ó ní orí tirẹ̀. Bàbá tó fẹ́ sọ ọmọ di dókítà tipátipá, ṣé ó bi ẹnikẹ́ni?

Mi ò ní pọ́n tiwa lé kọjá bó ṣe yẹ. A kọ àwọn ọmọ kan lábẹ lójú pé àbíkú ni wọ́n, a mọ̀ lónìí pé SS ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó dùn mí ni agboolé tó tú. Ìyá àgbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn, ìwọ̀nba irú wọn ló kù nínú ilé. Ẹni tó ń gbé ní ẹ́sítéètì lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì, bí ọmọ rẹ̀ bá ń sunkún lóru, fóònù ló ń bi. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Igba ojú ọ̀hún dà?

Lọ́yà Ìtòìkín

Ọmọ Awo, ó dáa bí o ṣe dárúkọ àbíkú, torí tọwọ́ tẹsẹ̀ ni àwọn wòlíì kan ń fi pe ọmọdé lájẹ̀ẹ́ báyìí, tí òbí á sì lé ọmọ síta. Bó ṣe le tó ní Akwa Ibom ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wọn ní 2008 pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn pe ọmọ lájẹ̀ẹ́. Bí a bá fẹ́ dandan, ibẹ̀ ni kí dandan ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí òbí àti olórí ẹ̀sìn ò gbọ́dọ̀ ṣe sí ọmọ. Ohun tí wọ́n yẹ kó mọ̀, a lè fi pẹ̀lẹ́ kọ́ wọn.

Ṣáínà náà ní òfin ẹ̀kọ́ ìdílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Ilé-ẹjọ́ wọn lè ní kí òbí lọ gba ìtọ́sọ́nà. Ó jọ ti England tí wọ́n sọ lókè yẹn.

Ọmọ Àlàájì àti Màmá Kóyà

Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló máa kọ ìwé tí wọ́n máa fi kọ́ wa? Bàbá mi Mùsùlùmí, màmá mi onígbàgbọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ mo wọ jalabíà, ọjọ́ Àìkú mo wọ aṣọ kóyà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Kì í ṣe ẹ̀sìn gan-an ló fa wàhálà nílé wa. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi ní kí n gba gbogbo ààwẹ̀ Ramadan pé. Màmá mi á fi búrẹ́dì àti àkàrà sínú ọ̀rá, á tì í bọ àpò ìwé mi, á ní kí n jẹ ẹ́ nílé-ẹ̀kọ́, kí n má sọ. Nírọ̀lẹ́ màá jókòó ti bàbá mi, màá nu ẹnu, màá ṣínu pẹ̀lú ẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á máa fi mí yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Irọ́ pípa tí mo mọ̀ dòní, inú oṣù mímọ́ ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi o. Wọn ò kàn jókòó bára wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó wá bá mi. Bí kíláàsì bá kọ́ tọkọtaya ní ìyẹn nìkan, mo fọwọ́ sí i, kí Rábì láti Ísírẹ́lì wá kọ́ ọ.

Bàbá Ẹjìnrìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan.

Láyé ìjọba òyìnbó, àwọn bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́ ò gbà kí ọmọ wọn lọ sílé-ìwé míṣọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìwé. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé Ràjí ló máa wọlé, Rọ́bàátì ló máa jáde. Òyìnbó sọ̀rọ̀ títí, ẹnu kan náà ni. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé ìjọba ṣí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ Kùránì tí wọ́n sì ń kọ́ ìwé òyìnbó pọ̀. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i ní 1896, ó kan Ẹ̀pẹ́ ní 1898, ó kan Àgbádárìgì ní 1899. Ẹ gbọ́ o, Ẹ̀pẹ́ ló ṣe ìkejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé kiri. Ní 1955 tí Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀fẹ́ yẹn ló kó ọmọ jáde láti inú oko. Ọlọ́pàá kọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì sọ. Ní 2003, àwọn olórí ẹ̀sìn kan ní Kano ní oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu máa ń sọ èèyàn di àgàn. Ìpínlẹ̀ náà dá a dúró fún oṣù gbọọrọ, àìsàn náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ta ló wá tún un ṣe? Àwọn ọba ilẹ̀ Hausa àti àwọn ìmáàmù náà ni, wọ́n jáde, wọ́n ń kán an sí ọmọ ara wọn lẹ́nu níṣojú gbogbo èèyàn. Ní 2020 wọ́n kéde pé irú àrùn náà tó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní wild polio, ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ yẹn, irú ẹnu kan náà ló tún un ṣe. Ẹ lọ gba ibẹ̀.

Ọmọ Marina

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ bá ní kó gba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wọlé, wòlíì olóróró yẹn ni olùkọ́ nìyẹn! Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Wọn ò ní kọ́ni. Wọ́n á fún wa ní gbọ̀ngàn, wọ́n á kó èèyàn jọ, wọ́n á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ á sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, kí àwọn náà jókòó gbọ́.

Fún àwọn ìyá, àyè ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì kó tó kàn wọ́n, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Orin àti ìtọ́jú ọmú nìkan la fi ń gba àkókò yẹn. A lè fi gìrì síbẹ̀, ká fi oorun síbẹ̀, ká fi bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí láìgbá a létí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù ọjà tuntun, torí wọ́n ti wá ná. Àwọn ọkùnrin ni mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí mú.

Alfa Pápá

Ẹ fi tiwa lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n tó wọ bàtà. Ìṣẹ́jú ogún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi á ti máa pa wọ́n. Níbi ìsọmọlórúkọ náà, ká bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá ti jáde, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Díákónì Ọ̀dọ́mọlá

Ẹgbẹ́ ọkùnrin wa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù. Mo lè bá àlùfáà sọ̀rọ̀. Lórí ọ̀pá, èmi ò tíì gbà o. Kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wá sọ tẹnu yín, a ó jọ jiyàn rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Màá mú Bíbélì tèmi dání, sà.

Tíṣà Pópó-Ọba

Mo ṣì rò pé láìsí òfin, àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni ò ní wá. Ẹni tó ń lé ọmọ síta pé àjẹ́ ni kì í jókòó de nọ́ọ̀sì. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí òfin Èkó sọ lórí ìyẹn, kí a mọ ibi tí a máa mú ẹjọ́ lọ.

Lọ́yà Ìtòìkín

Màá mú ìwé ẹ̀ jáde lálẹ́, màá gbé e síbí.

Ìyá Ìbejì Olúwo

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Gìrì tí ẹ sọ yẹn, ẹ ní ká má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Bó bá wá gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ ńkọ́? Ìkan nínú àwọn ìbejì mi ti ṣe é rí, ẹ̀jẹ̀ dà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ìyá Ìbejì, ahọ́n á jiná láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣíbí lè ká eyín, eyín lè bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ lè ṣàn síta, ẹ ká aṣọ sí abẹ́ orí rẹ̀. Ìgbà wo ló ṣe é gbẹ̀yìn? Bó bá ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹ tètè dé, kó tó di pé bẹ́ǹṣì kún.